Odó tí Ìyá Àgbà Fi Ṣe Àga

Nígbà tí wọ́n pè mí pé ìyá àgbà mi ti lọ, ẹkún kọ́ ni mo kọ́kọ́ sun. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Mo jókòó sórí àga olùkọ́ nínú kíláàsì mi n'Ìyìn-Èkìtì, àwọn ọmọ ilé ìwé ń pariwo níwájú mi, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ojú ìyá àgbà, kì í ṣe ohùn rẹ̀ pàápàá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: ta ni yóò wá máa sọ fún mi báyìí pé ó tó?

Kí ẹ tó pè mí ní ọmọ burúkú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àárẹ̀ kan ń bẹ lára mi tí oorun kì í wò. Ibà kan ló dá mi dùbúlẹ̀ níjọ́sí. Ibà náà lọ, ó fi àárẹ̀ sílẹ̀ bí àlejò tó gbàgbé ẹrù. Bí mo bá ṣe ju agbára mi lọ lónìí, ọ̀la àti ọ̀túnla ti bá a lọ nìyẹn, orí ibùsùn ni màá wà. Ìyá àgbà ní irú àárẹ̀ yìí kí tèmi tó dé. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń bá a gbé, pẹ̀lú eré ìmárale pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ tí kò ju kí èèyàn jókòó, kó mí, kó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, kó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà ni ìgbà tí èèyàn ń dúró. Èmi ò sì mọ ìgbà tó yẹ kí n dúró rí láyé mi. Òun ló máa ń sọ fún mi.

Tísà ni ìyá àgbà. Ó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá a gbélé yóò mọ̀. Tó bá ń pè wá wá jẹun, bí ẹni ń pe ọmọ ilé ìwé sórí ìlà ni. Òun ló máa ń darí eré ìdárayá àárọ̀ níléèwé nígbà náà, nígbà tó sì darúgbó tán, bí a bá ń gbálẹ̀, a óò máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé: "Ẹ na ẹ̀yìn yín! Ṣé owó ló bọ́ lọ́wọ́ yín ni?" Ó kọ́ ọmọ rẹpẹtẹ ní Yorùbá inú ìwé, síbẹ̀ ahọ́n Adó kò fi òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ulé ló ń pe ilé, uyán ló sì ń pe iyán títí ó fi lọ.

Bí ẹ bá rò pé akíkanjú tí ẹ̀rù kì í bà ni mò ń ròyìn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àyà ìyá àgbà máa ń já ju ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Láti ìgbà tí bàbá mi, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ti kú, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kì í pe gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ṣé o ti dé ulé?" Bí o kò bá gbé fóònù, yóò pe aládùúgbò rẹ. Bí aládùúgbò kò bá gbé e, ó ti ń wọ bàtà nìyẹn. Ó ń gbọ́ òórùn gáàsì níbi tí gáàsì kò sí. Ó lè rán mi padà láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé kí n lọ wo àgádágodo. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Àgbà, gbogbo mímí tí ẹ̀ ń mí láàárọ̀ yìí, ṣé kò lè lé ẹ̀rù yìí lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ń lé e lọ? Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń mí. Ohun tí mo rí ṣe nìyẹn."

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: òbí kì í dé ibojì ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá mi, inú yàrá ni wọ́n mú ìyá àgbà wọ̀, àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ́ orin, kò rí pósí. Wọ́n ní kó mọ́kàn, kó má sunkún mọ́ nítorí àwọn ọmọ ọmọ tó kù. Ó gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Kò pẹ́ sígbà náà ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Kó dìde lórí ibùsùn di ogun. Tó bá wẹ̀ tán, ó ní láti dùbúlẹ̀ kó tó lè wọṣọ. Ilé tí kì í sùn lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀ wá di ilé tí a ti ń fi ẹsẹ̀ yọ́ rìn.

A gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n ya fọ́tò àyà. Dókítà ní òun ò rí àrùn tí òun lè nàka sí, ṣùgbọ́n òun gbà pé ó rẹ màmá lóòótọ́, pé irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà, pé ọ̀fọ̀ sì lè dá kún un. Ìyá àgbà tún ìró rẹ̀ ró, ó dìde. Inú ọkọ̀ ni a wà, à ń padà lọ sílé wa ní Òkè-Ìlá, l'Adó, kó tó lanu.

"Ẹkún tí mi ò sun ni ẹsẹ̀ mi ń rù kiri."

Obìnrin kan wà ní ọsibítù yẹn tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe lè máa fi ara wọn ṣe nǹkan díẹ̀díẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń jókòó mí han ìyá àgbà. Ìyá àgbà wò ó pé, "Ọmọ mi, èémí lo fẹ́ kọ́ mi? Èmi tí mo ti ń mí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ?" Obìnrin náà kò bínú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni mo fi ń bẹ̀ yín. Kó tó rẹ̀ yín ni kí ẹ ti dúró. Tó bá ti rẹ̀ yín, ó ti pẹ́ jù." Ìyá àgbà pòṣé. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á gbowó tán, wọ́n á ní kéèyàn lọ jókòó.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Èkìtì ni wá. Níbòmíràn, bí ara aláìsàn bá yá díẹ̀, ó lè jókòó síta kó gba atẹ́gùn. Ní tiwa, bí ara ìyá bá yá, ìdí odó ló ń lọ. Ọjọ́ tí ara ìyá àgbà bá fúyẹ́, yóò ti pariwo láti inú yàrá: "Ara mi le lónìí, ẹ gbé uṣu kaná kó tó yí padà!" Àwa náà, a ò gbọ́n. Inú wa á dùn, a óò sáré lọ bẹ iṣu. Bí ọmọ odó bá ti ń dún, aládùúgbò á ké sí wa láti òdìkejì ògiri pé, "Ẹ kú oríire o, Màmá ti gbádùn!" Bí ilẹ̀ bá mọ́, Màmá ò ní í lè gbé orí sókè. Yóò wà bẹ́ẹ̀ títí, yóò tún gbádùn díẹ̀, odó yóò tún dún. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá yá ju ọjọ́ tí kò yá lọ.

Àkọ́bí ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló máa ń gbé iṣu wá. Ìjan-Èkìtì ni ọkọ gbé e lọ, Màmá Ìjan ni gbogbo wa sì ń pè é. Kì í ṣe ìkà. Ìbẹ̀rù tirẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ó gbà pé ọjọ́ tí ìyá òun bá fi ọmọ odó sílẹ̀ ni ìyá òun ń lọ. Nítorí náà, bó bá ti dé, kò ní í tíì jókòó tí yóò fi ní, "Ìyá mi, ẹ gún un. Uyán yín ló ń mú yín wà láàyè."

Ọjọ́ ìrántí bàbá mi ni gbogbo rẹ̀ yí padà. A dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹbí kún ẹ̀yìnkùlé, iṣu ń hó lórí iná, Màmá Ìjan ti fọ odó kalẹ̀. Gbogbo wa ń retí. Ìyá àgbà jáde wá pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ó ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dojú odó délẹ̀. A rò pé omi tó kù nínú rẹ̀ ló fẹ́ ká dà nù. A dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ká ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ìdí odó, ó sì jókòó lé e.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ wa lè má mọ ohun tó ṣe yẹn. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń nà wá lẹ́gba tí a bá fìdí kan odó, èèwọ̀ ni, oúnjẹ la fi ń ṣe. Ìyá àgbà fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ó di ojú, ó fi imú fa afẹ́fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n dé ọ̀gangan àyà, wọ́n dúró. Bó ṣe ń sọ wọ́n kalẹ̀ ni omijé ń bọ́. Kò nu ún. Ó tún gbé wọn sókè. Ẹkún tí wọ́n ní kó má sun lọ́jọ́ ìsìnkú ló ń sun lójú gbogbo wa yìí, ó sì ń mí lọ bó ṣe ń sun ún.

Màmá Ìjan ló kọ́kọ́ ké. "Ìyá mi! Odó lẹ fìdí lé yẹn! Odó tí ìyá yín fún yín! Kí la fẹ́ sọ fún ayé?"

Ìyá àgbà lajú. Kò gbé ohùn sókè. "Oúnjẹ ló ti ń bá mi ṣe fún yín láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ ti yó. Ó yá kó ṣe àga fún mi."

Iṣu sísè àti epo la jẹ lọ́jọ́ yẹn. Màmá Ìjan ò jẹ níbẹ̀. Ó gba Ìjan lọ kí oòrùn tó wọ̀. Tó bá tún wá lẹ́yìn ìgbà yẹn, yóò jókòó ní pálọ̀, kò ní í ya ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ rán tìmùtìmù kan láti inú àkísà ìró, ó fi okùn so ó mọ́ ìdí odó, àárọ̀ kan kò sì kọjá kó má jókòó síbẹ̀. Wọn ò yanjú ọ̀rọ̀ náà títí ìyá àgbà fi kú. Mo rò pé ìyá àgbà fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá jókòó ti òun lẹ́ẹ̀kan. Kò pè é. Agídí wọn bára mu.

Ẹlòmíràn tó bá a jà ni bùròdá kan ládùúgbò, onígbàgbọ́ tó máa ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn wàásù. Ó wá pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ o, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ó ń ká wa lára ni. Wọ́n ní tí èèyàn bá dijú, tó ń mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni." Ìyá àgbà ní kó jókòó, ó fún un lómi mu. Ó ní, "Ùwọ náà ń mí báyìí. Ẹ̀sìn wo lò ń ṣe?"

Nígbà tí àárẹ̀ tèmi dé, ọ̀lẹ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ọ̀gá ilé ìwé wa wò mí láti òkè délẹ̀ pé, "Ọmọdé bíi tìẹ?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá èmi náà lójú. Ìyá àgbà nìkan ni kò bi mí ní ohunkóhun. Ó ní kí n gbé àpótí wá, kí n dojú kọ òun. "Fi àtẹ́lẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ṣé ilẹ̀ gbé ọ dúró? Ó dáa. Fi imú fà á. Jẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ lé èémí, má jẹ́ kó ṣáájú rẹ̀. Tú u jáde bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Yí ọrùn bí ẹni tí wọ́n kí láti ẹ̀yìn, tí kò kánjú àtidáhùn." Lẹ́yìn náà, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn mọ́ mi: "Ó tó."

Àwa aláyà jíjá, ohun tó ń ṣe wá ni pé a máa ń rò pé tí a bá ṣe é sí i, a óò tètè bọ́. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀kan sí i, Ìyá Àgbà. Kò tíì rẹ̀ mí."

"Ìdí tó fi tó nìyẹn. Ọ̀kan tó kù yẹn, ti ọ̀la ni. Má jẹ ti ọ̀la lónìí."

Àárẹ̀ náà ò lọ o, mi ò ní í parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mò ń jókòó kọ́ àwọn ọmọ, mò ń sinmi nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré. Ní ọjọ́ tí ẹ̀rù bá sì fẹ́ gbé mi lọ, mo ní ẹni tí mo lè pè.

Ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò jí mọ́. Màmá Ìjan dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, òun ni àkọ́bí, òun ló ni ètò. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó gé okùn tìmùtìmù, ó gbé odó dúró, ó fi iyanrìn àti kànìnkànìn bó o títí ó fi funfun. "Àwọn àna ò ní í wá síbi ìsìnkú ìyá mi kí wọ́n má rí uyán jẹ." Ó wá yíjú sí mi. "Rónkẹ́, ìwọ lo máa gbé fọ́tò. Ọmọ bàbá rẹ ni ẹ́." Kí ọmọ ọmọ gbé fọ́tò olóògbé, kó máa jó níwájú àwọn onífèrè láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ilé, ẹ̀yẹ ńlá ni. Mo ní, "Màmá Ìjan, ara mi..." Ó ní, "Ara ta ni kò rẹ̀? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni."

Ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tí ara wọn le ló mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tí mo bá ti jí, mo ti ń fi ọkàn rin ọ̀nà náà: ìdúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òkè tó wà ṣáájú ilé wa, ìkúnlẹ̀ kí àlejò. Bí mo bá tún dùbúlẹ̀ pẹ́, ọ̀gá ò ní í gbà mí padà. Bí mo bá sì kọ̀, wọ́n á ní ọmọ tí ìyá fẹ́ràn jù ni kò lè jó fún ìyá. Kò sí ẹni tí mo lè bi pé èwo ni kí n ṣe.

Mo gbé fọ́tò náà. Mo rọra ń mì, mo ń mí bó ṣe kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Ìlá, àwọn èèyàn tó wà létí ọ̀nà pariwo: "Rónkẹ́, jó fún ìyá rẹ!" Ojú tì mí, mo jó. Òógùn tútù bò mí, fọ́tò wá wúwo bí ẹni pé ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni mo gbé. Bí a ṣe wọlé, mo kọjá láàárín àwọn àlejò. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, síbi tí àga wà tẹ́lẹ̀.

Odó ló wà níbẹ̀, ó dúró, ó funfun. Iṣu ti jinná, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn obìnrin ti sán ìró, Màmá Ìjan wà láàárín wọn pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ gún un. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo gbá fọ́tò mọ́ àyà. Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan.

Màmá Ìjan rí mi. Ó wo ojú mi, ó wo fọ́tò, ó pẹ́ kó tó mú ojú kúrò. Ó wá gbé ọmọ odó ti ògiri.

"Ẹ bá mi dojú odó yìí délẹ̀."

"Ẹ̀yin Màmá, iṣu ti jinná o! Àwọn àna ńkọ́?" Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ wà nílẹ̀. Kí wọ́n jẹ ìyẹn."

Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó tú ìborùn èjìká rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Mo ní, "Màmá Ìjan, èèwọ̀..." Ó ní, "Mo ní kó o jókòó." Ó gba fọ́tò lọ́wọ́ mi, ó fa àpótí, ó jókòó dojú kọ mí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lórí itan.

Mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ kanlẹ̀. Mo fà á, ọwọ́ mi gòkè, ó dé àyà, mo tú u sílẹ̀. Àyà mi ṣì ń lù kìkì. Nígbà tí mo tún gbé ọwọ́ sókè, mo rí i pé ọwọ́ Màmá Ìjan kan ti kúrò lára fọ́tò, ó ń bá tèmi gòkè, kò ṣáájú èémí, kò ju àyà lọ. Ojú rẹ̀ dì, omijé ń bọ́ sórí gíláàsì. Ta ló kọ́ ọ? Gbogbo ìgbà tó ń jókòó ní pálọ̀ yẹn, ó ń wò wá lójú fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ díẹ̀. Bí ìṣe mi, mo tún fẹ́ ṣe ọ̀kan sí i. Mo ti gbé ọwọ́ dé ìlàjì nígbà tí Màmá Ìjan lajú, ó sì rọra di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ó tó," ó ní.